"Má jẹ ẹyin, má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni": Kí ló wà nídìí òfin oúnjẹ tí òbí ń fún ọmọ ilé ìwé?

Bí agogo ìsinmi bá lù ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ẹnu ọ̀nà ọgbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sáré lọ. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń pàtẹ sí: samsa, tí í ṣe àkàrà tiwa gan-an, àti benga, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sábà máa ń fi ìrẹsì kún. Nínú kúlà ni bissap máa ń wà, ohun mímu pupa tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ sí sóbò, pẹ̀lú omi atalẹ̀ àti zoom-koom tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró pò, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n ta ní kókó.

Owó lè wà lápò ọmọ, ebi sì lè máa pa á, síbẹ̀ kí ó dúró lókèèrè máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́ ló dá a lẹ́kun. Òfin ilé rẹ̀ ni.

Ní Dapoya, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, nítòsí àwọn adágún omi tó wà ní ìhà àríwá, ọmọ Mossi, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ Kátólíìkì àti ọmọ àlejò lè jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn àlejò ìlú yìí. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti ń tọ ọ̀nà Gold Coast, Ivory Coast àti Upper Volta, tí orúkọ rẹ̀ di Burkina Faso ní ọdún 1984. Wọ́n kó aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ dání, wọ́n sì kó èèwọ̀ wọn dání pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n bá àwọn Mossi tí wọ́n ti ní tiwọn: kisgu ni wọ́n ń pe èèwọ̀ ní èdè Mòòré.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ṣé òótọ́ ni tàbí irọ́. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ewu tí òbí náà ń sá fún, ká sì wò ó bóyá ewu náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹyin tí wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di olè

Kò sí ẹni tí a tọ́ nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní mọ èyí: ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran lájẹjù yóò jalè. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Burkina Faso ń sọ fún ọmọ tiwọn. Ilé tó ń ko ọmọ lójú pé kó má jẹ ẹyin nílé kò ní fi owó lé e lọ́wọ́ kó lọ rà á ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìṣirò owó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ilé tí adìẹ mẹ́ta péré wà, adìẹ ni àpò ìfowópamọ́. Òun ni wọ́n ń tà bí àìsàn bá dé, òun ni wọ́n ń pa fún àlejò, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún ètùtù. Ẹyin tí ọmọ bá jẹ lónìí jẹ́ òròmọdìẹ tí kò ní pa mọ́. Bí ọmọ bá wá mọ adùn ohun tí apá ilé kò ká, ó ṣeé ṣe kí ó yọ́ lọ sí ibi tí adìẹ aládùúgbò ń yé sí. Ṣé a lè ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́fà? Ó rọrùn láti sọ fún un pé olè ni yóò dà.

Àmọ́ òfin náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ní orílẹ̀-èdè Ecuador, àwọn olùwádìí fún àwọn ìkókó tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ní ẹyin kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017, iye àwọn tí kò ga tó bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí wọn ga fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọn kò fún ní ẹyin. Òtítọ́ ni pé nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Malawi, wọn kò rí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gíga àwọn ọmọ ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹ ẹja tẹ́lẹ̀. Ẹyin kì í ṣe oògùn. Ọmọ tí kò rí ẹja, tí kò rí ẹran, tí kò sì rí wàrà ni àìsí rẹ̀ ń dùn jù.

Burkina Faso náà ní tirẹ̀, ní agbègbè Kaya, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ouagadougou. Àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èèwọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ará abúlé ń bọ̀wọ̀ fún gbé adìẹ fún ọmọ kékeré ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tirẹ̀. Nígbà tó ti jẹ́ pé ọmọ ló ni adìẹ, ta ni yóò pe ọmọ ní olè nítorí ẹyin rẹ̀? Àwọn ọmọ náà jẹ ẹyin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà nínú èyí ju ti ẹgbẹ̀rún ìwé ìléwọ́ lọ.

Ti omi àgbọn kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn òbí Yorùbá máa ń sọ pé ó ń mú ọmọ gọ̀, ọmọ ilé ìwé kò sì gbọdọ̀ mu ún, pàápàá nígbà ìdánwò. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti èròjà potassium. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ó ń ba ọpọlọ jẹ́, àgbọn kò sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ bíi ti Ouagadougou.

Oúnjẹ ọwọ́ ẹlòmíràn

Òfin tó le jù, tó sì wọ́pọ̀ jù, ni pé kí ọmọ má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò gbọdọ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ nínú àwo kan náà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àkàrà òyìnbó ọlọ́jọ́ ìbí. Ìdí ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀ fún àwọn kan: Mùsùlùmí kò fẹ́ ẹran tí kò mọ ẹni tó dú u, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kristẹni kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ sàráà tàbí ẹran Iléyá. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ fún ọmọ ní kọ̀rọ̀ ni pé oúnjẹ ni àwọn àjẹ́ fi ń mú ọmọ wọ ẹgbẹ́.

Irú ìbẹ̀rù yìí ti lé àwọn kan kúrò nílé wọn. Bí ènìyàn bá dúró ní Dapoya tó kọjú sí àwọn adágún omi, Tanghin ni àdúgbò tó wà ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń pè ní Delwendé wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó kó o lọ sí Sakoula. Àwọn obìnrin tí wọ́n lé kúrò ní abúlé ni wọ́n gbà síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ arúgbó àti opó, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń jẹ ọkàn ènìyàn, nígbà mìíràn nítorí pé ọmọ kan kú ní àdúgbò wọn. Òfin tí Burkina Faso ṣe lọ́dún 2015 lórí ìwà ipá sí obìnrin ka irú ẹ̀sùn àjẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó yẹ kí òbí rántí èyí kó tó ka orúkọ ìyá arúgbó kan ní àdúgbò fún ọmọ rẹ̀ pé "má jẹ nǹkan rẹ̀."

Síbẹ̀, òmùgọ̀ nìkan ni yóò sọ pé oúnjẹ ìta kò léwu. Ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, ọmọ 23 ló kú ní oṣù Keje ọdún 2013 lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ìwé wọn. Oògùn apakòkòrò ló wà nínú òróró tí wọ́n fi sè é. Ẹni tó sè é kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó pa wọ́n ni ìgò àti àgbá tí kò yẹ fún oúnjẹ, irú èyí tó wà káàkiri àwọn ọjà wa.

Omi tí a kò gbọdọ̀ mu

Òfin omi pín sí méjì. Àkọ́kọ́ dára: kí ọmọ má mu omi inú ife tí gbogbo kíláàsì fi ń bu omi, kí ó má sì ra bissap tí a kò mọ orísun omi rẹ̀. Bissap fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Omi tí wọ́n fi pò ó àti yìnyín tí wọ́n jù sínú rẹ̀ ló lè gbé ibà jẹ̀funjẹ̀fun tàbí ìgbẹ́ gbuuru wá.

Ìkejì ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo òfin tí mo mẹ́nu bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń pè é ní èèwọ̀. Òbí tó mọ̀ pé ilé ìgbẹ́ ilé ìwé dọ̀tí, tàbí pé kò ní ilẹ̀kùn, máa ń sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé kó má mu omi títí yóò fi dé ilé. Ní oṣù Kẹrin, ooru Ouagadougou máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n. Ọmọ tí kò mu omi láti òwúrọ̀ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ yóò ní ẹ̀fọ́rí, ọkàn rẹ̀ kò ní sí nínú ẹ̀kọ́, ìtọ̀ rẹ̀ á máa gbóná. Ilẹ̀kùn kan ni àtúnṣe rẹ̀.

Ìkòkò ilé ìwé

Gbogbo òfin wọ̀nyí ṣeé pa mọ́ bí ọmọ bá ń lọ sílé jẹun lọ́sàn-án. Nígbà tí ilé jìnnà, tàbí tí kò sí nǹkan nílé, ọ̀rọ̀ yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ Catholic Relief Services, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Cathwel, àti àjọ oúnjẹ àgbáyé ti ń ṣe ìrànwọ́ fún ìkòkò ilé ìwé ní Burkina Faso. Ní ẹkùn Sahel ní àríwá, àwọn olùwádìí fi ọ̀nà méjì wéra lọ́dún ẹ̀kọ́ 2006 sí 2007: oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ìwé, àti ìyẹ̀fun ọkà kílò mẹ́wàá lóṣù fún ọmọbìnrin tó bá ń wá déédéé. Ọ̀nà méjèèjì ló mú kí iye ọmọbìnrin tó forúkọ sílẹ̀ lọ sókè. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ sílé tún mú kí àwọn àbúrò wọn kéékèèké sanra sí i.

Níwájú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n ti fi ìbẹ̀rù kọ́ pé kó má jẹ ohun tí ìyá ẹlòmíràn sè yóò jókòó ti àwo òfìfo, nítorí pé ìyá ẹlòmíràn gan-an ló sábà máa ń sè é, àwọn òbí kan náà tí ń gba ara wọn níṣẹ́. Bí ara ọmọ bá sì kọ oúnjẹ kan ní tòótọ́, bíi ẹ̀pà, tó wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀ àwọn Mossi, olùkọ́ àti alásè ló yẹ kí òbí sọ ọ́ fún, kó má fi sí ọmọ nìkan lọ́rùn. Àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbẹ̀ kò gba ẹ̀pà wọlé rárá.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ilé ìdáná kì í jìnnà sí kíláàsì. Kí ó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ó wo ìgò tí òróró wà nínú rẹ̀, kí ó béèrè ibi tí wọ́n ti pọn omi, kí ó sì kí obìnrin tó ń ro ìkòkò náà.