Ìgò tó ṣófo kò tíì parí iṣẹ́: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa síìlì ara ìdérí

Bí ẹ bá ra omi inú ike, tí ẹ sì yí ìdérí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan bíi kí nǹkan já. Síìlì ló já yẹn. Ọ̀pọ̀ wa kì í fiyè sí i, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ohun tí a fẹ́ fún ọmọ wa mu. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ àti àgbàlagbà nílé, lónìí ẹ jẹ́ ká jọ wo bí síìlì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí ìgò náà nígbà tó bá ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọjà Mboppi nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà ńlá ni, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ọjà lọ́pọ̀ yanturu láti lọ tún un tà níbòmíràn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ná an. Ọjà tó bá jáde níbẹ̀ ń dé ìlú àti abúlé ní Kamẹrúùnù, ó sì ń kọjá sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é. Nígbà tí ìgò kan bá fi máa dé ọwọ́ ìyá ọmọ, ó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá. Ìyá náà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ tà á. Ìgò, lébẹ́ẹ̀lì àti ìdérí nìkan ló ń rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Mboppi ló rí ní Dantokpa ní Cotonou, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó.

Bí síìlì ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni òrùka tó wà nísàlẹ̀ ìdérí omi àti ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn eyín ike tín-ín-rín ló so òrùka náà mọ́ ìdérí. Bí ẹ bá yí ìdérí fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn eyín yẹn á já, òrùka á sì dúró sí ọrùn ìgò. Ìkejì ni bébà dídán tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò lábẹ́ ìdérí, bí a ṣe ń rí i lára oògùn oníhóró àti wàrà agolo. Ìkẹta ni ọ̀rá tó fún mọ́ ìdérí àti ọrùn ìgò pinpin.

Kò sí èyí tó le débi pé èèyàn kò lè ṣí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ wọn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i, kí ó hàn. Ohun tó mú kí ayé fọwọ́ pàtàkì mú un ṣẹlẹ̀ ní Chicago, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982. Ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ títí dòní fi májèlé cyanide sínú oògùn ẹ̀fọ́rí Tylenol, èèyàn méje ló sì kú. Kí ọdún náà tó parí ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé oògùn tí wọ́n ń tà lórí igbá gbọ́dọ̀ ní síìlì tó máa fi hàn bí ẹnìkan bá ti fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí, èyí tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó yí i. Ìyẹn ń dènà ọmọ. Síìlì kò dènà ọmọ rárá. Bí síìlì bá ti já, ọmọ ọdún méjì lè ṣí ìgò omi.

Ibi tí agbára síìlì mọ

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni síìlì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti mu omi tán, tí ẹ sì dá ìdérí padà sórí ìgò kí ẹ tó sọ ọ́ nù, ẹ ti fún ẹni tó fẹ́ lò ó ní ìgò tó péye, pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì àti ìdérí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ NAFDAC ya wọ ọjà Eziukwu nílùú Aba, wọ́n sì bá ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 240 níbi tí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ọjà, ọtí àti ẹlẹ́rìndòdò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú nílò ìgò tí ojú aráàlú ti mọ̀. Kò sì síbi tó ti lè rí i ní ọ̀fẹ́ tó ibi òde ìnáwó, lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ tán.

Kì í ṣe àwọn ọ̀daràn nìkan ló ń tún ìgò lò. Ìyá tó ń ta zobo, ẹni tó ń ta àgbo, ẹni tó ń po ọṣẹ olómi, gbogbo wọn ló ń lò ó, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe é láìní èrò ibi. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ike omi kò ṣeé bọ̀. Omi tó bá hó á ká a kò. Omi tútù àti ọṣẹ nìkan kò sì tó láti pa kòkòrò tí ẹnu ẹni àkọ́kọ́ fi síbẹ̀, tàbí èyí tó kó níbi tí wọ́n ti ṣa á. Táífọ́ọ̀dù àti kọ́lẹ́rà ń gba irú ọ̀nà yìí wọlé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni Kamẹrúùnù ti bá àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà jà, Douala sì wà lára ibi tó dé. Omi tí kò mọ́ ni olórí ohun tó ń tàn án ká, ìgò tí kò mọ́ sì lè ba omi tó mọ́ jẹ́.

Ohun kejì tí síìlì kò lè ṣe ni pé kò lè sọ bóyá ohun tí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ rọ sínú ìgò dára. Kamẹrúùnù mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa oògùn ọ̀fìnkìn olómi kan tó ń jẹ́ Naturcold, èyí tí wọ́n rí ní Kamẹrúùnù. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, diethylene glycol inú rẹ̀ tó ìdá 28.6 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ìdá 0.10. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Àwọn aláṣẹ oògùn níbẹ̀ ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí.

Kẹ́míkà aládùn ni diethylene glycol. Ó jọ èròjà tí wọ́n fi ń mú oògùn olómi dùn, ó sì rọjú jù ú lọ, ṣùgbọ́n kíndìnrín ọmọ ló ń bà jẹ́. Ní Gámbíà lọ́dún 2022, ó lé ní ọgọ́ta ọmọ tó kú tí wọ́n so ikú wọn mọ́ irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa náà kò tíì gbàgbé oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin, tó pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2008 sí 2009. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo síìlì, kí ẹ tún wo nọ́ńbà NAFDAC. Bí ibi tí wọ́n ń họ bá wà lára páálí, ẹ họ ọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ọmọ tó ń lo oògùn olómi bá ń bì, tí inú ń run ún, tí kò sì tọ̀ mọ́ tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù gan-an, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ gbé ọmọ àti ìgò oògùn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ewu tó sún mọ́ wa jù

Èyí tí àwa dókítà ọmọdé ń bá pàdé jù kì í sábà ti ọjà wá. Inú ilé ló wà. Kẹrosíìnì nínú ìgò omi. Omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ nínú ìgò tí ọmọ mọ̀ mọ́ ohun mímu. Ní Douala àti Cotonou bíi ti Èkó, wọ́n ń ta irú nǹkan wọ̀nyí nínú ìgò àlòkù. Ọmọ kékeré kò mọ̀wé kà, àwòrán àti àwọ̀ ìgò ló mọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì rí ìgò omi.

Bí ọmọ bá gbé kẹrosíìnì mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní wàrà. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà kọ́ wa nìyẹn, ìfẹ́ ló sì mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń ṣàn geere ni kẹrosíìnì. Bí ọmọ bá ń bì í, ó máa ń ya sí ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pa ọmọ, ju inú ikùn lọ. Epo pupa tí ẹ fi lé e lè mú kó bì, òun náà sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí, ẹ fọ ara ọmọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Bó bá tilẹ̀ ń ṣeré, ẹ gbé e lọ, torí pé ikọ́, ibà àti èémí tó ń yára lè má bẹ̀rẹ̀ títí di wákàtí mélòó kan sígbà náà. Bó bá jẹ́ sódà ni, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ má mú un bì, torí ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó ra nǹkan

• Ẹ wo òrùka abẹ́ ìdérí. Bí àwọn eyín rẹ̀ bá ti já, tàbí tí ìdérí yí láìsí ìró, ẹ dá a padà.
• Ẹ dojú ìgò kodò, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Èyí tí síìlì rẹ̀ pé kì í jò.
• Ẹ wo ara àti ìdí ìgò. Èyí tó ti gbó, tó ní ìhára púpọ̀ tàbí àmì abẹ́rẹ́, ẹ má rà á.
• Ẹ wo bóyá ọjọ́ tó máa bà jẹ́ hàn kedere, kí lébẹ́ẹ̀lì má sì wọ́.
• Oògùn ọmọ, ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má rà á lórí àtẹ tàbí nínú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ìgò bá ṣófo

• Ẹ yọ ìdérí, kí ẹ fún ìgò náà pọ̀, ẹ má sì dá ìdérí padà sórí rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ìgò oògùn, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì ba páálí rẹ̀ jẹ́.
• Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ yan ẹni tó máa gun àwọn ìgò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn jáde.
• Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra kẹrosíìnì tàbí ọṣẹ olómi, kẹ́ẹ̀gì tí kò jọ ti ohun mímu ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ gbé e síbi gíga, kí ẹ sì tì í pa.

Ẹnìkan lè bi mí pé: àwọn tó ń ṣa ike jẹun ńkọ́? Ẹ kò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Àwọn tó ń ra ike láti yọ́ ọ ṣe nǹkan mìíràn ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n ni. Ike tí ẹ fún pọ̀ kò fúyẹ́ ju èyí tí ẹ kò fún pọ̀ lọ, ó tilẹ̀ rọrùn láti kó. Ẹni tó fẹ́ kí ìgò yín dúró ṣánṣán, pẹ̀lú ìdérí àti lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó fẹ́ rọ nǹkan sínú rẹ̀ ni. Ẹ bi ara yín pé kí ni, àti pé ọmọ ta ló máa mu ún.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wo abẹ́ tábìlì ilé ìdáná àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ìgò ohun mímu yòówù tí ẹ bá rí níbẹ̀, tí ohun inú rẹ̀ kì í ṣe ohun mímu, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o kí ilẹ̀ tó mọ́.