Okùn Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilẹ̀: Ohun tí Ó Jẹ́, àti Ìdí tí Ìlú Fi Nílò Ju Olùtà Kan Lọ

Àwọn àgbàlagbà kò tí ì gbàgbé àpótí kékeré tí à ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1935 ni ó kọ́kọ́ dé Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Waya ni ó ń gbé ohùn wọ inú yàrá, onílé a sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ nìkan ni ó ń gbọ́. Bí kò bá dùn mọ́ ọn nínú, kò sí ibòmíràn tí ó lè yí i sí, kò sì sí bí ó ti lè fèsì.

Waya mìíràn ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn báyìí ní Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn. Eléyìí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbèsì. Òun ni okùn fíbà tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó yẹ kí àwọn ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ ohun tí ó jẹ́ dáadáa, nítorí pé ìlú wọn tẹ̀lé ara wọn lójú títì kan náà, irú ibi tí àwọn tí ń ri okùn máa ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n kí nǹkan kọjá ní ìlú yàtọ̀ sí kí ó dúró níbẹ̀. Ọ̀nà reluwé tí ó dé Òṣogbo ní 1907 gba agbègbè yìí lọ sí Ọ̀fà, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo abúlé tí ọkọ̀ náà gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó ní ibùdó tí èrò ti lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ okùn fíbà rí.

BÍ OKÙN NÁÀ TI RÍ

Okùn yìí kì í ṣe bàbà bí waya tẹlifóònù àtijọ́. Gíláàsì ni, tí a fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí a sì fi ọ̀rá wé. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1966 ni Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi yé ayé pé bí gíláàsì bá mọ́ gaara tó, ìmọ́lẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ lọ jìnnà nínú rẹ̀. Kao gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní 2009.

Ẹni tí ó ń fi fóònù alágbèéká lo íntánẹ́ẹ̀tì ń bá gbogbo àwọn tí ó yí òpó kan náà ká pín in nínú afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí gbogbo ìlú jókòó ti fóònù wọn, ojú ọ̀nà náà a dàbí ọjà tí ẹsẹ̀ kò gbèrò. Okùn tí ó wọlé tààrà kò ní ìdààmú òpó yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a sábà máa ń pín ẹyọ okùn kan láàrin ilé 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹ́gábíìtì ni a fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ti yára tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́gábíìtì 1,000 ni ó di gígábíìtì 1. Fíìmù tí ó wọn gígábáìtì 1 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 kí ó tó wọlé tán lójú ọ̀nà mẹ́gábíìtì 10. Lójú ọ̀nà gígábíìtì 1, ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó nílò irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó 40, ilé ìwòsàn tí ó fẹ́ fi àwòrán aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà àgbà ní Òṣogbo, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó ní ẹ̀ka ní Òkukù, yóò rí ìlò rẹ̀. Àǹfààní mìíràn ni pé bí a bá ti ri gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Bí a bá fẹ́ kí ó yára sí i, ẹ̀rọ orí rẹ̀ méjèèjì nìkan ni a óò pààrọ̀.

OHUN TÍ ÌDÍJE Ń ṢE

Kí ọdún 2001 tó dé, ilé-iṣẹ́ NITEL ni ó gba ọ̀rọ̀ tẹlifóònù Nàìjíríà mọ́ ọwọ́, àwọn tí ó sì ní i nínú ilé kò tó 500,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sọ̀rọ̀ yóò san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Nígbà tí Glo wọlé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó bá níbẹ̀ sì tẹ̀lé e. Òfin kọ́ ni ó mú kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ti rí ibòmíràn lọ ni.

Bákan náà ni ó rí lábẹ́ òkun. Okùn SAT-3 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002 wà lọ́wọ́ NITEL nìkan ní Nàìjíríà, ó sì wọ́n bí ojú. Ẹ̀yìn ìgbà tí Glo-1 àti MainOne dé ní 2010 ni owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. WACS tẹ̀lé wọn ní 2012, Equiano sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022.

Ìdíje kò mọ sí orí owó nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́. Glo-1 àti Equiano kò sí lára àwọn tí ó bàjẹ́, ẹni tí ó sì ní ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn rí ibi gbà. Ìlú tí okùn kan ṣoṣo wọ̀ yóò wà nínú òkùnkùn ní ọjọ́ tí katakata bá fi ehín já a.

OWÓ Ẹ̀GBẸ́ TÍTÌ

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbọ́dọ̀ san owó fún ìjọba. Ní 2020, àwọn gómìnà fẹnu kò pé kí ó má ju náírà 145 lọ fún mítà kan. Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí ń gba náírà 4,500 tẹ́lẹ̀, sọ ọ́ di 145 ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ojú ọ̀nà kìlómítà 10: ní náírà 4,500, owó náà jẹ́ mílíọ̀nù 45, ní 145, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni ó kù díẹ̀ kí ó pé. Ọwọ́ oníbàárà ni ìyàtọ̀ náà yóò ti jáde níkẹyìn. Bí owó náà bá sì pọ̀, ìlú ńlá nìkan ni àwọn olówó yóò máa wò.

Ètò Ìjọba Àpapọ̀ fún ọdún 2020 sí 2025 ní i lọ́kàn pé kí ìgbèríko ní ó kéré tán mẹ́gábíìtì 10, kí ìlú ńlá sì ní 25, kí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára sì dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún 2025 fi ń parí, nǹkan bí ìdajì ni ó dé. Ní 2024, ìjọba náà fọwọ́ sí ètò láti ri okùn fíbà 90,000 kìlómítà sí i káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà kan wà tí ìlú kékeré fi lè ní olùtà púpọ̀ láìjẹ́ pé a hú títì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dandan ni fún Openreach, tí ó ni páìpù inú ilẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ, láti jẹ́ kí àwọn tí ń bá a díje gba okùn tiwọn inú rẹ̀ kọjá ní iye tí ìjọba ń mójú tó. Kòtò kan ni, ṣùgbọ́n olùtà pọ̀. Ní Nàìjíríà, Starlink tí ń ti ojú sánmà ṣiṣẹ́ ti wà láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Àwo rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò nílò kòtò, nítorí náà ó lè jẹ́ olùtà kejì ní ibi tí okùn kò tí ì dé.

OHUN TÍ ARÁ ÌLÚ LÈ ṢE

Ilé-iṣẹ́ a máa ka iye ilé tí yóò sanwó kí ó tó gbẹ́lẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ àyà. Bí ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn olórí ilé-ìwé bá jọ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìwé wọn yóò lágbára ju ẹ̀bẹ̀ ẹnì kan lọ. Kí wọ́n sì bèèrè pé kí páìpù tí a bá ri ní àyè fún ẹlòmíràn.

Kí onílé tó sanwó, kí ó bèèrè nǹkan mẹ́rin: Ṣé okùn náà wọ inú ilé gan-an, àbí ó dúró sí ìdí òpó? Ilé mélòó ni yóò jọ pín in? Èló ni owó oṣù kejì, lẹ́yìn tí ẹ̀dínwó àkọ́kọ́ bá parí? Ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi tún un ṣe bí ó bá já? Kí ó sì rántí pé àpótí inú ilé ń lo iná mànàmáná. Bátìrì kékeré yóò mú un ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ.

Bí olùtà bá kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, àjọ NCC, tí a dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ń gba ẹ̀sùn lórí nọ́ńbà 622 láìgba owó ìpè. Àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ilé tàbí omi náà ní láti ṣọ́ra, nítorí pé láti 2024 ni àṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ ti ka okùn wọ̀nyí sí dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti mọ̀ọ́mọ̀ bà wọ́n jẹ́.

Okùn kan lè jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì tuntun, bí olówó rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan tí kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Kí ìlú tó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni kejì tí yóò bá a díje.