Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Kò Mọ Fẹ́ǹsì

Ẹni tó bá ti wá ilé gbà n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó á ti gbọ́ ọ lẹ́nu ejẹ́ǹtì: "Borehole wà, ẹ má mikàn." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. A kì í bèèrè bó ṣe jìn tó, irú àpáta tí wọ́n bá níbẹ̀, tàbí bó ṣe jìnnà sí soakaway tó. Tèmi ni pé ó yẹ kí òfin mú un ní dandan kí ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí wà lákọsílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé odò ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, pé kéèyàn ṣáà ti gbẹ́ ẹ jìn, omi á yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́ wà. Olúmọ àti òkè Ìdànrè tí à ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀, ibi tí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ti yọrí síta ni. Ọjọ́ orí wọn lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Inú àpáta yìí kì í gba omi. Ibi méjì lomi ń sá pamọ́ sí: inú ilẹ̀ rírọ̀ tí àpáta tó ti jẹrà dà, àti ojú ibi tí àpáta ti sán. Ìdí nìyẹn tí borehole yín fi lè máa tú omi, kí ti ará ilé kejì gbẹ táútáú. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, iṣẹ́ àpáta ni.

L'Ékòó, iyanrìn àti amọ̀ ló wà nísàlẹ̀, omi kì í ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Òkun ni wàhálà. Omi dídùn fúyẹ́ ju omi òkun lọ, orí rẹ̀ ló ń léfòó sí. Badon Ghyben ará Netherlands àti Herzberg ará Jámánì ti ṣírò rẹ̀ láti ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn: ní etíkun oníyanrìn, bí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 ló máa wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Ẹ wá yí i padà: bí gbogbo àdúgbò bá fa mítà 1 yẹn tán, omi iyọ̀ á máa gòkè bọ̀ láti gba mítà 40 náà. Borehole ilé kan ò lè dá irú ìyẹn ṣe; gbogbo wa la jọ ń ṣe é.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Soakaway ilé kejì ń da nitrate sínú ilẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò rùn. Síse omi ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í mú nitrate kúrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kó má kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan, torí àwọn ọmọ ọwọ́ tí à ń po mílíìkì fún: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn má lè gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ.

Níbí ni òfin tí mo kà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Epo rọ̀bì tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀ yín, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín; abala 44(3) ìwé òfin 1999 sọ bẹ́ẹ̀. Ti omi yàtọ̀: òfin omi ti 1993 gba ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láyè láti fa omi abẹ́ rẹ̀ fún ìlò ilé láìsan kọ́bọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti fà á kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti bà á jẹ́. Ní 1885, nínú ẹjọ́ Ballard v Tomlinson ní England, ọkùnrin kan ń da ẹ̀gbin sínú kànga ara rẹ̀, omi kànga aládùúgbò rẹ̀ bàjẹ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a lẹ́bi.

Ta ló lè fìdí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ládùúgbò wa? Ẹ̀rí dà? Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́lẹ̀, àpáta wẹ́wẹ́ ló ń tú sókè, látorí mítà kan dé òmíràn. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì gidi nìyẹn, a sì ń gbá a dà sí gọ́tà. Ní Britain, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga omi tó jìn ju mítà 15 lọ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń rí sí ìwádìí ilẹ̀ létí, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ wọn ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo ń bèèrè kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba ìwé kan péré lọ́wọ́ agbẹ́kànga: ibi tí kànga wà, bó ṣe jìn tó, àpáta tó bá, ibi tó ti kan omi, àti èsì àyẹ̀wò omi náà. Kó sì wà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Kí ìyẹn tó dé, ká máa bèèrè ìwé náà ká tó sanwó ilé. Lánlọ́ọ̀dù tó bá gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ayálégbé márùn-ún, òun náà á bi agbẹ́kànga léèrè.