Ilé Kọfí Fún Iṣẹ́ Àti Ìsinmi: Ẹ Wo Ìjókòó Kí Ẹ Tó Wo Ife

Ọ̀rọ̀ ilé kọfí la fẹ́ jọ sọ lónìí. Bí ọmọ tó wà ní Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Èkó bá pe ilé ní Isolo-Opin, tó ní, "Màámi, ilé kọfí ni mo wà, mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́," ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò fọwọ́ lérán. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí? Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ń náwó ní ìnákúnàá ni?

Ẹ má tíì dá ọmọ lẹ́bi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti di iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe níbikíbi tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbé nílùú ńlá. Iná a lọ, yàrá a gbóná, ariwo aládùúgbò a sì gba gbogbo ilé kan. Ìjókòó, iná, atẹ́gùn àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ sí ilé kọfí. Owó kọfí ni owó ìjókòó. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi ọmọ yín bóyá kọfí ibẹ̀ dùn. Ẹ bi í bí àga ibẹ̀ ṣe rí, ẹ bi í níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí ẹ sì bi í ní aago tó mu ife tó kẹ́yìn. Ìlera rẹ̀ wà nínú ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé kọfí. Ní 1652 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pasqua Rosée ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ ní London. Nínú ilé kọfí Edward Lloyd, tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òkun ń jókòó sí láti àwọn ọdún 1680, ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ńlá tó ń jẹ́ Lloyd's ti ṣẹ̀.

Nílé wa níbí, àwọn òǹkọ̀wé bíi Wole Soyinka, Chinua Achebe àti J.P. Clark ní ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn ní 1961, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń jókòó pọ̀. Nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà ní 2001, ilé íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọ̀dọ́ ń dà sí, àwọn mìíràn a sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní 2012 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Ngozi Dozie àti Chijioke Dozie, dá ilé kọfí Café Neo sílẹ̀ ní Èkó.

Kọfí fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Kábbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó sì wà lára àwọn irúgbìn tí ilé ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964 ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní Isolo-Opin, Òsì, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú tó yí wa ká, abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò àti bẹ́ǹṣì onítíì lẹ́bàá ọ̀nà ló ń ṣe irú iṣẹ́ tí ilé kọfí ń ṣe nílùú ńlá. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ níbẹ̀ ló yẹ kí a ṣọ́ níhìn-ín.

ÀGA ÀTI TÁBÌLÌ

Àga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ilé kọfí ló ní àga tìmùtìmù rírẹlẹ̀ tó wuni, tábìlì ibẹ̀ kò sì ga ju orúnkún lọ. Irú àga bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta tẹ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ yóò dorí kodò, ọrùn á le, ẹ̀yìn á máa dùn ún.

Àga iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ̀yìn lè fara tì. Bí èèyàn bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ sì dọ́gba pẹ̀lú tábìlì. Kí kọ̀ǹpútà jìnnà sí ojú tó gígùn apá kan, kí òkè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú. Kí ọmọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, kí ó má kọjú sí oòrùn, kí ó má sì kẹ̀yìn sí i.

Ojú náà fẹ́ ìsinmi. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kí ó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ó wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí ó máa ṣẹ́jú dáadáa, nítorí ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ìyẹn ló sì ń mú kí ojú gbẹ, kí ó máa ta. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, kí ó dìde, kí ó nara, kí ẹsẹ̀ má baà wú.

JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI ÈÉFÍN

Èyí ló lè pani, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i. Iná ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ilé kọfí, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ níbẹ̀ náà, jẹnẹrétọ̀ ni wọn yóò tàn. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Bí a bá mí i símú, á gba ipò afẹ́fẹ́ tó dára mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ara á sì rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sùn lọ síbẹ̀ lè má jí mọ́.

Nítorí náà, kí ọmọ yí ilé náà po kí ó tó jókòó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta gbangba, kí ó jìnnà sí wíńdò àti ilẹ̀kùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ibi tí èéfín ti ń jáde má sì kọjú sí ilé. Bí ó bá wà ní ẹ̀yìn wíńdò, tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn, tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọmọ wá ibòmíràn lọ, bó ti wù kí kọfí ibẹ̀ dùn tó. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì mẹ́ta nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ pé ibà ni. Kí gbogbo wọn jáde síta gbafẹ́fẹ́, kí wọ́n sì tètè gba ilé ìwòsàn lọ. Ilé tó ń lo iná sólà sàn jù.

Kí ẹ tún fimú gbóòórùn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí tábà ní 2015 kò gba sìgá mímu láàyè ní ilé oúnjẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń mu sìgá tàbí tí wọ́n ń fa ṣíṣà kì í ṣe ibi tí aláboyún, ọmọdé tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée yẹ kí ó jókòó sí.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ IFE

Èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ ni wọ́n ń pè ní kaféènì. Òun kan náà ló wà nínú tíì gidi, nínú kóòkì àti nínú obì, ì báà ṣe gbànja, ì báà ṣe àbàtà. Bàbá tó ti ń jẹ obì láti àárọ̀ ti ń bá ẹni tó ń mu kọfí jẹ nínú àwo kan náà.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ gba kaféènì ju mílígíráàmù 400 lọ lójúmọ́. Aláboyún kò gbọdọ̀ ju 200 lọ. Ife ńlá kọfí tí a fi omi gbóná po nílé ní nǹkan bíi 100. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ ní ilé kọfí ní nǹkan bíi 140. Ife ńlá tíì ní nǹkan bíi 75, agolo kóòkì kan ní nǹkan bíi 40. Ẹ ò rí i pé aláboyún tó mu ife ńlá méjì ní ilé kọfí ti kọjá ààlà. Kí ọmọdé má mu kọfí rárá.

Kaféènì kì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 fi hàn pé àwọn tó gba mílígíráàmù 400 ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sùn pàdánù oorun tó ju wákàtí kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi kọfí ìrọ̀lẹ́ kàwé yóò jí pẹ̀lú àárẹ̀, á tún fi kọfí òwúrọ̀ lé àárẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí po. Kí ife tó kẹ́yìn má kọjá aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ni kí ó máa mu.

Ẹ ṣọ́ ṣúgà náà. Ní 2015, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó dára kí ṣúgà tí a ń fi kún ohun jíjẹ àti mímu má ju nǹkan bíi ṣíbí tíì mẹ́fà lọ lójúmọ́. Kọfí inú ọ̀rá tí wọ́n ti po ṣúgà àti mílíìkì mọ́, àti kọfí olómi dídì tí wọ́n da nǹkan dídùn lé lórí, a máa gba púpọ̀ nínú ìwọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀kan. Bákan náà, kọfí àti tíì kì í jẹ́ kí èròjà irin inú oúnjẹ wọ ara dáadáa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí ó jẹ́ kí wákàtí kan wà láàárín oúnjẹ àti kọfí. Omi lásán sì ni kí ẹ máa fi lo oògùn.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ

Bàbá kan wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́dọ̀ wa. Ó ga ju ti ìgbà tó ṣáájú lọ. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mu kọfí. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi kì í mu nǹkan òyìnbó yẹn." Gbànja wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ obì, èyí tí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà la sì kọ sínú káàdì wọn.

Kaféènì a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kọjá láìsí kọfí, tíì, obì tàbí sìgá. Kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ yín balẹ̀, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí ọkàn yín bá ń lù kìkì lẹ́yìn tí ẹ bá mu kọfí, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà.

Èyí kò sọ pé kí àgbà má dé ilé kọfí o. Ìyá tó bá lọ kí ọmọ nílùú ńlá a máa dá wà nílé láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdánìkanwà yìí ń ba ìlera jẹ́, ìdí nìyẹn tí àjọ WHO fi gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2023. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú ìyá yín jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ wá ibi tí kò ní àtẹ̀gùn gíga, tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, tí àga rẹ̀ ní apá tí wọ́n lè dì mú dìde, tí orin rẹ̀ kò dí ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí wọ́n tọ̀. Omi gbóná tí a fi atalẹ̀ sí láìsí ṣúgà tó láti fi tàkúrọ̀sọ.

BÍ KÒ BÁ SÍ ILÉ KỌFÍ

Ọmọ tó bá wálé sí Isolo-Opin fún ọdún lè mú iṣẹ́ rẹ̀ dání. Kò pọn dandan kí ó máa wá ilé kọfí kiri. Tábìlì kan, àga kan tó ní ìfẹ̀yìntì, ẹ̀gbẹ́ wíńdò, gílóòbù tó mọ́lẹ̀ àti ìgò omi kan ti tó. Ohun tó ṣòro jù ni kí á jẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Àwa òbí ni a máa ń pè é kí ó wá pọn omi, kí ó wá kí àlejò, kí ó sáré dé ìta. Ẹ fún un ní wákàtí méjì láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹni tó jókòó lásán.

Ẹ̀yin bàbá tó ń lọ sábẹ́ igi, ẹ má jókòó sórí gbòǹgbò tàbí òkúta mọ́. Ẹ gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì lọ, ẹ gbé omi dání, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ láàárín ọ̀pọ́n ayò kan sí òmíràn, kí ẹ sì wọlé kí ẹ̀fọn tó jáde.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.