Bí Ìwà Bàbá Bá Yí Padà Nígbà Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Jẹjẹrẹ prósítéètì, tí ń mú àgbà ọkùnrin nísàlẹ̀ àpòòtọ̀, a máa fi họ́mónù ọkùnrin dàgbà. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí ń dín họ́mónù náà kù, bíi goserelin tí a lè gún lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Àdínkù yìí lè mú ìbànújẹ́, ìkanra, àìróorunsùn àti ìgbàgbé wá. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé bàbá kórìíra ará ilé.

Ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún dókítà, nítorí ìtọ́jú wà. Bí bàbá bá ń wí pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.