Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Nítorí Kòkòrò HIV

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n dídákẹ́ nípa rẹ̀ ti pa ènìyàn púpọ̀. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ní Èkó ní ọjọ́ 2 oṣù August, ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe Mínísítà Ètò Ìlera rí, kò fi irọ́ bo ikú náà. Ó wí ní gbangba pé àrùn Éèdì ni. Ilé mìíràn ì bá wí pé ayé ni ó ṣe é.

Kòkòrò náà a máa gbé inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa pa àwọn sójà ara tí í bá àìsàn jà fún wa. Kì í yára. Ẹni tí kò lo oògùn lè gbé e kiri tó ọdún 8 tàbí 10 kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí ó ń lọ sí oko, ó ń ná ọjà, ó ń kọrin nínú ìjọ, ó sì ń fi àìmọ̀ kó o ran aya rẹ̀. Ojú kò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ ni a ó bi léèrè.

A ó gún orí ìka, a ó gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, èsì yóò sì jáde kí wákàtí kan tó pé. Bí ó bá fi kòkòrò hàn, a ó tún fi irú àyẹ̀wò mìíràn wádìí rẹ̀ kí a tó gbà á gbọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè má tíì hàn. Kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù 3. Ẹni tí ó sì mọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ewu, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí oògùn wà tí ó lè dènà rẹ̀. Ìṣòtítọ́ láàrin tọkọtaya, kọ́ńdọ̀mù, àti abẹ tí a kò fi kan ẹlòmíràn lára, ààbò ni wọ́n. Jíjẹun nínú àwo kan náà kì í ràn án.

Àwọn kan ń wí fún wa pé, “Ẹ jẹ́ kí n má mọ̀, kí n lè fi ọkàn balẹ̀ jẹun.” Nígbà tí kò sí oògùn, a kò lè bá wọn wí púpọ̀. Nísinsin yìí, oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́ kò lé kòkòrò náà jáde pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àyẹ̀wò kò fi ní rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sì dé ibẹ̀ kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ti àwọn aboyún ni ó ká wa lára jù. Nínú ọmọ 100 tí àwọn ìyá tí ó ní kòkòrò yìí bí tí wọ́n sì fún lọ́mú láìlo oògùn, 15 sí 45 ni yóò kó o. Bí ìyá bá lo oògùn dáadáa, wọn kì yóò pé 5. Síbẹ̀ aboyún púpọ̀ ń bímọ nílé àdúrà tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí láìṣe àyẹ̀wò. A kò bá àwọn ìyá wọ̀nyí jà. Iṣẹ́ wọn ti pẹ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán aboyún lọ ṣe àyẹ̀wò ní oṣù tí ó bá kọ́kọ́ wá, àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá rí kòkòrò náà lára ìyá, a ó fún ọmọ ní oògùn láti ọjọ́ tí a bí i, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí a bá já a lẹ́nu ọmú.