Àpò Tó Ń Dán, Àpò Tó Ń Pa: Títọ́jú Sítáǹpù ní Tchaourou

Ẹni tó bá gun títì Cotonou lọ sí àríwá ilẹ̀ Benin yóò la Ṣábẹ̀ kọjá kó tó kan Tchaourou. Ojú irin tí àwọn Faransé là lọ sí Parakou náà gba ìlú yìí kọjá. Nílé kan tí kò jìnnà sí ojú irin yẹn, bàbá kan wà tó ti ń kó sítáǹpù jọ látìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ní kí n wá bá wọn yẹ ẹrù náà wò, nítorí ó ti rí i pé àwọ̀ àwọn kan ń yí padà.

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí irin náà wà. Bàbá ṣí i, ó sì ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti Dahomey tó jáde lọ́dún 1913 wà níbẹ̀, tí ọkùnrin kan ń gun ọ̀pẹ lójú wọn. Àwọn ti òmìnira ọdún 1960 wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n tẹ orúkọ tuntun lé lórí náà wà níbẹ̀, nítorí lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Dahomey di Benin, wọn kò sì da sítáǹpù tó wà nílẹ̀ nù. Èyí tí bàbá fẹ́ràn jù ni àpòòwé kan tí òǹtẹ̀ ìlú Tchaourou ṣì hàn lórí rẹ̀ kedere. "Àwọn kan ní kí n bó sítáǹpù rẹ̀ kúrò," ó wí. "Mo kọ̀." Ó ṣe dáadáa. Odindi àpòòwé tó ní òǹtẹ̀ ìlú kékeré máa ń níyì lójú àwọn akósítáǹpù ju sítáǹpù tí wọ́n bó lára rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀ràn wà ni ohun tí wọ́n kó wọn sí.

Álíbọ́ọ̀mù fọ́tò la kọ́kọ́ ṣí, irú èyí tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, tí wọ́n á wá fi ọ̀rá bò ó. Gọ́ọ̀mù náà ti pọ́n bí oyin, ó sì ti wọ inú bébà sítáǹpù lọ. Ọ̀kan tí mo gbé sókè ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rá tó wà lókè rẹ̀ rọ̀, ó ń dán, ó sì ń rùn bíi bàtà rọ́bà tuntun. Òórùn yẹn gan-an ni àmì. PVC ni irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Fúnra rẹ̀, PVC le. Òróró kan ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè rọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òróró náà á máa jáde bọ́ sára ohun tó bá wà nítòsí, á fa yíǹkì kúrò lára sítáǹpù, á sì sọ bébà rẹ̀ di ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. PVC tó ti ń gbó tún máa ń tú ásíìdì sílẹ̀. Ooru tiwa ń mú kó tètè ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó kàn wà nínú àpòòwé bráùn, tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀. Rọ́bà ti gé díẹ̀ lára wọn. Ó tún ní imí ọjọ́ nínú, èyí tó máa ń sọ yíǹkì ọsàn àti pupa kan di dúdú. Àpòòwé bráùn àti páálí sì kún fún èròjà igi tó ń di ásíìdì bó bá pẹ́. Ìdí nìyẹn tí etí ìwé ìròyìn àtijọ́ fi ń pọ́n tó sì ń rún.

Ìdì kẹta ló dùn mí jù: àwọn tuntun tí wọn kò tíì lò rí, tí gbogbo wọn ti lẹ̀ mọ́ra. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ níbí máa ń kọjá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 50 ni àwọn olùtọ́jú ìwé ń fẹ́. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wọn rin, ó sì yọ́. "Bàbá, ẹ má fi ọwọ́ ya wọ́n o," ni mo sọ fún un. Inú ike tó ní ìdérí là ń tò wọ́n sí, lórí ohun tó gbé wọn sókè díẹ̀, kí aṣọ títutù wà nísàlẹ̀ láìkàn wọ́n. Ọ̀rinrin yóò tú wọn fúnra rẹ̀.

Láti ilé, a kọjá sí ọjà láti wá ohun tó dára jù tí a ó kó wọn sí. Ilé ìtàwé tí a wọ̀ kò ní nǹkan kan tí wọ́n ṣe fún sítáǹpù, àmọ́ fáìlì àti àpò ìwé pọ̀ níbẹ̀. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé èyí tó rọ̀ jù lé wa lọ́wọ́: "Ẹ mú èyí, ọmọ mi, kì í ya." Mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àmì onígun mẹ́ta tó máa ń wà lára ọ̀rá. Nọ́ńbà 3 nínú rẹ̀ ni PVC. Ẹ gbé e padà. Nọ́ńbà 5, tí wọ́n kọ PP sí, ni polypropylene, ìyẹn dára. Nọ́ńbà 1, PET, dára bákan náà bí kò bá sí ohun tí wọ́n kùn sí i lára. Kò sí òróró tí wọ́n fi ń sọ wọ́n di rírọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n máa ń dún ṣákáṣáká bí a bá rún wọn, wọn kì í sì í rùn.

Òmíràn kò ní nọ́ńbà rárá. A ra ọ̀kan, a gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ọmọ bàbá bó wáyà iná kan títí kọ́pà inú rẹ̀ fi hàn, ó fi pẹ́ńsà dì í mú, ó fi sínú iná títí ó fi pọ́n. Ó fi kan ọ̀rá náà, ó sì dá a padà sínú iná. Iná di àwọ̀ ewéko tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Kúlóríìnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, PVC ló sì ń gbé e. Ìta gbangba ni ẹ ti ṣe é, nítorí èéfín rẹ̀ kò dáa fún èèyàn.

Bébà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bébà fọ́tókọ́pì òde òní kì í ní ásíìdì mọ́. A fi í ṣe àpòòwé kéékèèké láìlo gọ́ọ̀mù, a sì kó wọn sínú àpò PP. Fún àwọn tó níyì jù, ó tọ́ kí wọ́n ra ìwé sítáǹpù gidi, èyí tó ní àpò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ewé, tàbí àpò Hawid láti Jámánì. Kò pọn dandan kí wọ́n rà á fún gbogbo wọn.

Nígbà tí a padà délé, ibi tí a ó gbé wọn sí ló kù. Kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ikán àti ọ̀rinrin ilẹ̀. Kì í ṣe ara ògiri ìta. Orí ṣẹ́ẹ́fù irin láàárín ilé la kó wọn sí, a gbé wọn dúró lóòró kí wọ́n má bàa tẹ ara wọn. Bàbá fẹ́ sọ káńfọ̀ sí àárín wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é, nítorí èéfín káńfọ̀ máa ń yọ́ àwọn ike kan. Bí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí wọ́n ṣí gbogbo wọn, kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn níbi tí oòrùn àti eruku kò dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́, nítorí gbígbẹ tó pọ̀ ń mú gọ́ọ̀mù sán.

Ohun tó ń ba sítáǹpù jẹ́ nílẹ̀ wa kì í ṣe àìtọ́jú nìkan. Ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ gan-an wà lára ohun tó ń bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ ṣí i kí òjò tó dé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bíi rọ́bà tuntun, ẹ yọ sítáǹpù kúrò nínú rẹ̀ lónìí.